Del Kroening Kì Í Ṣe Òǹwòran

Del Kroening kú sórí pápá bésíbọ́ọ̀lù wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú òjò, etí tàpólì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Àwa bí igba ènìyàn la jókòó tí a ń wò ó. Mo wà níbẹ̀, mo sì ń jẹ sọ́séèjì lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò ní olówó kankan lẹ́yìn, àwa ará ìlú Tarrow la ni ín. Bí oṣù kẹfà bá ti dé, àwọn ọmọ yunifásítì á wá láti ìpínlẹ̀ jíjìn, wọ́n á sùn nínú yàrá tí àwọn ọmọ wa fi sílẹ̀, wọ́n á jẹ oúnjẹ wa, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù fún wa títí ìsinmi wọn fi máa parí. Ẹnì kan ń fọ aṣọ wọn, ẹlòmíràn ń ta ọtí bíà. Ti Del ni ilẹ̀ pápá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ro ó, tó fi bomi rin ín, tó ń kúnlẹ̀ tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ó ti le jù.

"Del, ẹ tún ti ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀?" ni ọmọ Texas kan bi í lọ́dún tó kọjá.

"Ó ń dá mi lóhùn ni. Ìwọ tó o fi igi gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lánàá, kí lo rí sọ?"

Nílùú wa, bí òjò bá ṣú, gbogbo òǹwòran ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá fa tàpólì bo ilẹ̀ kó má bàa di ẹrẹ̀. Ó wúwo, ó ń fẹ́ ogún ènìyàn. Ìyá, ọmọ, oníbíà, gbogbo wa là ń sáré, Del á sì máa pariwo níwájú: "Ẹ má rìn, ẹ sáré! Atẹ́gùn ò ní dúró dè yín!" Nígbà tí pásítọ̀ wa ṣubú lulẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, Del ní, "Pásítọ̀, àdúrà yẹn ti tó, ẹ dìde." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ mú òfin tuntun wá: ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò fẹ́ kí òǹwòran kankan tẹ pápá mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá nìkan ni yóò máa fa tàpólì. Òṣìṣẹ́ wo? Del ni, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ eegun ìbàdí fún ọ̀kan nínú wọn. Del dìde nípàdé, ó kọjú sí Todd Brandvold, alága wa.

"Todd, ta ló máa bá mi fà á?"

"A máa wá nǹkan ṣe sí i, Del."

"Nígbà wo?"

"Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀."

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Oṣù keje dé. Wọn ò wá nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ṣú láti òkè oko àgbàdo. Wọ́n kó àwọn ọmọ yunifásítì alágbára wọ̀nyẹn sábẹ́ òrùlé nítorí mànàmáná. Ṣé mànàmáná kì í pa arúgbó ni? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sí àyè yín." Arúgbó mẹ́ta jáde lọ fa ẹrù ogún ènìyàn. Marlys, ìyàwó Del, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sáré dé ẹnu géètì.

"Ẹ jẹ́ n lọ bá ọkọ mi!"

"Marlys, ẹ má bínú," ni aládùúgbò wa tó ń ṣọ́ géètì wí. "Òfin ni."

Ó padà wá jókòó. Gbogbo wa fọwọ́ lẹ́rán. Atẹ́gùn gbé tàpólì, Del ò sì fi í sílẹ̀. Ìgbà tó ṣubú la tó rántí pé a lẹ́sẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ikú ogun ní í pa akíkanjú. Ta ló rán akíkanjú lógun láìfún un lọ́mọ ogun?

Lánàá ni ìwé ìgbìmọ̀ jáde. Ohun tí wọ́n kọ nípa Del nìyí: "Òǹwòran kan tó wọ pápá láìgbàṣẹ ni àìsàn kọ lù." Nítorí pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n bá sọ ọ́ di òǹwòran. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Marlys mú ìwé náà wá bá mi nílé.

"Wọ́n ní Del rú òfin," ó ní. "Mi ò fẹ́ òdòdó wọn, mi ò fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ ìṣẹ́jú kan fún un. Kí wọ́n ṣáà yọ gbólóhùn yìí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa kà á."

Mo bu kọfí fún un, kò mu ún. Ó dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Mo pe ìgbìmọ̀, wọ́n ní adójútòfò ló fà á. Mo pe adójútòfò, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ló kọ ìwé. Mo pe Todd, ó ní, "A jọ fọwọ́ sí òfin yẹn ni." Ó sì dùn mí pé kò parọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu: ta la fẹ́ mú, nígbà tó jẹ́ pé àwa la ni ẹgbẹ́? Ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló nà sókè nípàdé oṣù kẹta. Ti Del nìkan ni kò nà. Èmi nawọ́ tèmi torí mo fẹ́ tètè lọ sílé.

Ìpàdé wà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, aago méje, ní ilé ìkàwé. Wọ́n lè má gbọ́ mi, mo mọ̀. Síbẹ̀ ohun tí mo ń bèèrè nìyí: kí ìgbìmọ̀ pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lójú Marlys, kí wọ́n kọ ọ́ pé olùtọ́jú pápá wa ló kú sẹ́nu iṣẹ́ wa, a sì ń wò ó. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwa tí a nawọ́ sókè nípàdé oṣù kẹta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fi tèmi ṣáájú.