Ẹ̀wù Iléyá Tí Wọn Kò Gbé Wá Bá Mi

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi rán ẹ̀wù Iléyá fún Lèmọ́mù wa ní Bantè. Lọ́dún kejìdínlógún, mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun dídán lábíyá. Mo ti ń nu ọwọ́ láti gbà á. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, lọ́dọ̀ Múbárákì, télọ̀ tuntun.

Múbárákì ò tíì pé ọdún méjì tó ti Savalou dé. N ò ní parọ́ fún yín, mo jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò wọlé fún mi. Èmi Àlàájì Ráímì, tí mo ti dé Mẹ́kà, tí sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́ṣáláṣí ni ibùjókòó mi! Ẹ̀wù ọrùn Múbárákì fúnra rẹ̀ ti ṣá. Ṣebí ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Àwọn oníbàárà láti Pira àti Agoua ò wo ọrùn ẹnì kankan. Wọ́n ń sọ̀ lórí ọ̀kadà zémíjàn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń lọ bá a.

Wọ́n ní ó máa ń dá aṣọ tó bá ṣẹ́kù padà, àti pé tó bá pe Ọjọ́rú, Ọjọ́rú náà ni. Tèmi ni "In ṣá Allah, lọ́la." Àwa télọ̀ mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa: orúkọ Ọlọ́run la fi ń bo aṣọ tí a ò tíì gé. Lọ́dún tó ṣáájú, Lèmọ́mù ti wẹ̀ fún ìrun Yídì kí n tó parí ẹ̀wù rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùkù Múbárákì, mo sì rí i. Bí ladáànì bá ti pe ìrun Àyílà, á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní yọjú sí mọ́ṣáláṣí. Mo ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́rin láti ojú fèrèsé mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo lọ sọ fún Lèmọ́mù pé kò yẹ kí ẹni tí kì í kírun fọwọ́ kan ẹ̀wù Iléyá.

Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ráímì, nígbà tí o ń ṣọ́ ọ, ta ló wà ní àyè rẹ nínú sàfù?"

Mo ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, n ò kírun Àyílà lásìkò, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ó ní kí n lọ sílé Múbárákì lọ́jọ́ kejì lákòókò ìrun, kí n wọlé.

Mo lọ. Ìyá rẹ̀ arúgbó jókòó lórí ẹní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, ó sì máa ń gbàgbé iye ráká tó ti kí, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ kírun. Ìlú Bobè ni ìyá tèmi kú sí nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀rọ níbí. N ò jókòó tì í bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún jowú ìyẹn náà.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, Múbárákì gbé ẹ̀wù Lèmọ́mù jáde. Ara rẹ̀ ti parí, ó ku ọrùn. Ẹ̀rọ lè rán ara ẹ̀wù, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọwọ́ la fi ń ṣe ọnà ọrùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ò tó tiyín níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, n ò sì tíì ṣe ọrùn tó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo ojú wà lára ẹ̀wù náà. Bí a ti kírun tán, Múbárákì sáré padà lọ bá ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Àlàájì, ẹ wo ọrùn yẹn. Múbárákì mọṣẹ́ jù yín lọ o."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo pa ẹnu dé, mo gbé e mì. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbààwẹ̀. Kò sí èyí tó le tó ìyẹn.