Awakọ̀ Kẹrìnlélógún

Ní àdúgbò Bassa, níbi tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ju igi lọ, ni Àníkẹ́ ti ríṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rù kan tó ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó mú àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti ń bi kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti ọdún mẹ́wàá, kó tún wọn kọ ní fọ́múlà fún ẹ̀rọ tuntun tó ń ṣe ìròyìn iṣẹ́. Ohun kan náà ni, èdè ló yàtọ̀. Ọ̀gá Victor kò fi bò fún un: bí ìròyìn tuntun bá bá ti àtijọ́ mu fún oṣù méjì gbáko, òun á fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá mu, kó wáṣẹ́ lọ síbòmíràn.

Ọgọ́ta ìbéèrè ló tú, gbogbo wọn mu rẹ́gí, àfi ẹyọ kan tó ṣoríkunkun. Iye awakọ̀ tó kẹ́rù lóṣù àkọ́kọ́: àtijọ́ ní mẹ́tàlélógún, tuntun ní mẹ́rìnlélógún. Àníkẹ́ bá kọ̀ǹpútà náà jà títí tó fi gbóná débi tí wọ́n lè fi sun búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò Bonamoussadi. Awakọ̀ kan ti ibi tẹ́nì kan ò mọ̀ yọ.

Jídé, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àníkẹ́, rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú iye tí fọ́múlà náà kà, kí àwọn lọ jẹun.

Àníkẹ́ tú orúkọ àwọn awakọ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógún lórúkọ, ẹni kẹrìnlélógún, àyè òfìfo ni. Ó gbé e tọ Màmá Bàdámọ́sí lọ, ẹni tó ti ń kọ orúkọ awakọ̀ lẹ́nu géètì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

"Tírélà Fùwàd nìyẹn, ọmọ mi," ni màmá wí. "Látìgbà tó ti kú lóṣù tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń gbà á wà. Àdúà ogójì ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé. Ṣé kí n wá kọ orúkọ ẹlòmíì lé ìjókòó ẹ̀ ni?"

Ó yé Àníkẹ́ wàyí. Ìbéèrè àtijọ́ kì í ka àyè òfìfo. Fọ́múlà tuntun ń kà á mọ́ èèyàn. Ó wá fọ́múlà mìíràn tó ń fo òfìfo, ó sì fi àyè Fùwàd sílẹ̀ bó ṣe wà. Mẹ́tàlélógún pàdé mẹ́tàlélógún.

Kí oṣù kejì tó wọlé, ogójì ọjọ́ ti pé. Màmá kọ orúkọ Àkànjí, awakọ̀ tuntun, sí tírélà náà. Àtijọ́ ní mẹ́rìnlélógún, tuntun náà ní mẹ́rìnlélógún. Ká ní Àníkẹ́ ti yọ ọ̀kan kúrò ni, Àkànjí tó sanra tó géètì ì bá ti di àwátì.

Ọ̀gá Victor wo ìròyìn méjèèjì, ó mú bíírò, ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ Àníkẹ́. Jídé tó ní kó yọ ọ̀kan kúrò fúnra rẹ̀ ló dìde, tó lọ ra ẹja sísun àti bọ́bọ́lọ́, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé wé, wá fún wọn.