Iyọ̀ Inú Ilẹ̀ Ìyá Alágbọn

Òórùn èèpo àgbọn tí wọ́n fi ń yan ẹja ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá ti yà kúrò lójú títì lẹ́yìn Aradagun, tí mo kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà. Ó ń dùn, ó ń ta ni lójú, a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ títí ọ̀sẹ̀ á fi yí po. Bí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ níbikíbi lónìí, ẹsẹ̀ mi á dúró, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko ìyá yẹn á sì padà wá rú mi lójú bó ṣe rú mi lójú nígbà náà.

O rántí àsìkò owó epo. Katakata kò jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi, wọ́n ń la títì ńlá lọ sí ẹnubodè, gbogbo ẹni tó bá sì ti fojú ba yunifásítì ni ìlú ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Igbó ni mo kọ́ nípa rẹ̀, pàápàá gbòǹgbò igi àti ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ, mo sì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara igbó dá, kó má wo ewé, abẹ́ ilẹ̀ ni kó wò. Mo ní ọkọ̀ ìjàpá kan, ṣọ́bìrì kan, asẹ́ kan, àti ìgbéraga tó tó ènìyàn mẹ́ta pín. Àwọn ará abúlé sọ mí ní Ìyá Gbòǹgbò, bẹ́ẹ̀ n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Igbó etí ọ̀sà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ilé opó kan tí oko àgbọn rẹ̀ bá igbó náà pààlà ni mo ń wọ̀ sí. Ègùn ni, ó dàgbà tó ẹni tó lè bí ìyá mi. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin àwọn àgbọn náà kó tó kú, àwọn ló fi tọ́ ọmọ, àwọn náà ló sì ń jẹ. Ó máa ń fa omi kànga fún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, omi tó tutù, tó dùn dé ọ̀nà ọ̀fun. Bí ọjọ́ ọjà Agbalata bá bọ́ sí ọjọ́ tí mo ń bọ̀, èmi ni mo ń gbé òun àti ẹrù rẹ̀ délé. Ìgbà méjì ni àpò iyọ̀ ńlá wà nínú ẹrù náà. Mo bá a ṣàwàdà pé ẹja inú ọ̀sà á ti gbọ́ pé ó ra iyọ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, àgbọn tó wà lápá títì tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lewé, wọ́n ń já ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe kan fi dé, ó ní òun fẹ́ ra apá ibẹ̀ kí òun lè gbẹ́ iyanrìn rẹ̀ fún títì. Ìyá náà pè mí jókòó.

“Ọmọ mi, ìwọ lo ń wo abẹ́ ilẹ̀,” ó ní. “Bí wọ́n á bá yè, mi ò tà. Bí wọ́n á bá kú, wí fún mi.”

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ilẹ̀ ti gbẹ nígbà tí mo gbẹ́ ìdí igi mẹ́fà. Gbòǹgbò àgbọn kì í rìn jìnnà sísàlẹ̀ bíi ti ìrókò. Wọ́n pọ̀ lọ súà, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, ó sì yẹ kí inú wọn funfun. Àwọn tí mo fọ̀ nínú asẹ́ ti rọ̀, wọ́n ti dúdú, wọ́n sì ń rùn. Mo di erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa, èsì sì dé pé iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Iyọ̀ náà pọ̀ lókè, ó ń dín kù bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òkun bá gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó ti pọ̀. Ìdí igi nìkan ló wà. Àárín igi kan sí èkejì kò ní in. Mo ka ìwé náà síwá, mo kà á sẹ́yìn, kò yé mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òkun tó ń jẹ ilẹ̀ ló wà lẹ́nu gbogbo wa nígbà náà, ká má purọ́, mo fẹ́ kó jẹ́ òkun. Òkun á jẹ́ kí àwọn ọ̀gá mi ka ìwé mi. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá, mo mu omi kànga rẹ̀ ní àmutẹ́rùn, mo wá sọ fún un pé iyọ̀ ti wọ ilẹ̀, ó ti pọ̀ jù, àwọn igi náà ò ní yè.

“Iyọ̀ ni o rí?”

“Iyọ̀ ni, mà.”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, ṣebí èmi ni mo kàwé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ta apá náà, wọ́n ti wó ìdajì oko náà, katakata sì ti wọ ibẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, bí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀, mo padà lọ wo igbó mi. Mo rí ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá, ó gbé abọ́ dání, ó ń bu nǹkan funfun yí ìdí àgbọn rẹ̀ ká, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó. Mo bi í pé kí ni. Ó ní iyọ̀ ni. Ó ní láyé baba àwọn ni wọ́n ti ń bu iyọ̀ fún àgbọn kó lè so dáadáa, ìyá alágbọn gan-an ló kọ́ òun ní ìwọ̀n rẹ̀, àmọ́ láti ọdún tó kọjá, ìyá ò fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́. Àgbọn ọkùnrin náà ń tutù yọ̀yọ̀. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé iyọ̀ náà délé! Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi kànga tí mò ń mu lójoojúmọ́ kò ní iyọ̀ rárá, ahọ́n mi sì ti mọ̀ ṣáájú èsì èyíkéyìí.

Mo bá ìyá nídìí ẹja tó ń yan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi pé òun ló ń bu iyọ̀ síbẹ̀.

“O ní ó ti pọ̀ jù,” ó ní. “Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni mo fi pa oko ọkọ mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Mo gbé ṣọ́bìrì mi, mo lọ gbẹ́ ìdí àgbọn kan tó ṣẹ́kù lápá títì, tí ewé tirẹ̀ náà ti ń pọ́n. Ihò náà ò tíì dé orúnkún mi tí omi fi sun sínú rẹ̀, omi tó ń rùn, tí kò ní iyọ̀. Erùpẹ̀ gíga tí wọ́n kó jọ fún títì ti dí ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ sínú ọ̀sà, inú omi ni gbòǹgbò ń jẹrà sí. Àwọn ọkùnrin abúlé bá mi la ojú omi lọ sí ọ̀sà. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé, ewé tuntun ti yọ lórí àwọn tó kù.

Ẹ̀rù wá bà mí láti sọ ọ́. Bí mo bá sọ fún un pé kì í ṣe iyọ̀ rẹ̀ ló pa igi, mo gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú pé kò yẹ kó ta ilẹ̀, pé ojú omi kan péré ni ì bá gbà wọ́n là. Mo sọ méjèèjì. Kò bú mi, kò sunkún. Ó wọlé, ó gbé ẹja yíyan kan jáde.

“Jẹ ẹ́,” ó ní. “Inú kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ iyanrìn lóko mi yẹn ló ti wá.”

Mo jẹ ẹ́ tán dé egungun, òun náà sì ń wò mí. Bóyá ìdáríjì ni, bóyá ìdájọ́ ni, n kò mọ̀ títí di òní. Mo gba ìwé tí mo kọ nípa òkun padà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi. Láti ìgbà náà, n kì í ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ láìkọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ni ín, kí n bi í léèrè ohun tó ń fún ilẹ̀ náà jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ráhùn pé mo ń fi àkókò ṣòfò.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá tẹ̀lé mi dé ìdí rẹ̀. Ó ní bí mo bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n yà sí Agbalata, kí n bá òun ra àpò iyọ̀ kan.