Òògùn Kòkó Tó Wo Ẹja Òkun Sàn

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ilé oúnjẹ kan ní oríta Òrè, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ Benin ti máa ń sinmi. Wọ́n gbé àpótí gíláàsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń bu òkèlè iyán, mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn sáré lọ fi ìhà ha ara mọ́ òkúta, bí ewúrẹ́ tí ara ń yún. Ẹ̀rín pa mí débi pé ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú mi jáde. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ sáré wá: "Bàbá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí o, ọmọ mi. Ìgbà èwe mi ni mo rántí, nígbà tí mo fi ẹja kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó jẹ́ nínú ẹbí wa.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ìgbà ìjọba ológun ni. Wọ́n ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, ẹni tí kò ní ìgbànú sì fún ikùn. Ọṣẹ di ohun tí à ń tò sí ìlà fún. Èmi wà ní ìwé kẹrin ní Òdìgbó, kíláàsì tí mo fẹ́ràn débi pé ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi, Dáyọ̀, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Dáyọ̀, tó ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, tó wá sílé. Àwọn ẹlòmíì a máa ti ìdálẹ̀ gbé rédíò bọ̀. Òun gbé àpótí gíláàsì kan tó fẹ̀ tó fèrèsé.

Obìnrin kan tó fẹ́ fi ṣaya ló fà á. Mosún lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ apẹja létí òkun. Bàbá náà kò fẹ́ kí ọmọ òun lọ máa gbé àárín àwọn olóko kòkó. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀ jù, ó kó ẹja òkun mẹ́rin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sínú garawa, ó gbé e fún Bàbá Dáyọ̀. Ó ní, "Máa gbé wọn lọ. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, mo máa wá wò wọ́n. Bí ẹyọ kan bá kú, má tún débí mọ́." Ó ku oṣù mẹ́ta sí Àjíǹde.

Báyìí ni òkun ṣe dé Òdìgbó. Kẹ́ẹ̀gì la fi ń kó omi rẹ̀ láti etí òkun, nítorí ẹja náà kì í gbé inú omi tí kò níyọ̀. Kò sí iná tó ṣeé gbọ́kàn lé, páǹpù kẹ̀kẹ́ la sì fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, oníkálukú pẹ̀lú wákàtí tirẹ̀. Àwọ̀ wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ìlà dúdú wà lára wọn bí àmì oyè ológun, ni mo bá sọ èyí tó tóbi jù ní Sájẹ́ǹtì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Sájẹ́ǹtì fi gba ìjọba, ó lé àwọn yòókù sí igun kan. Ní ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó, ṣọ́jà kan wọlé, ó pàṣẹ pé ká da omi tó dúró nínú ilé nù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì náà wò ó. Kí n tó ṣẹ́jú, ṣọ́jà ti gbé ìbọn ti ògiri, ó ń fa páǹpù. Ọ̀sán pọ́n kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá a rí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ògiri náà.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé. Ó ku oṣù kan kí Àjíǹde dé nígbà tí Bàbá Dáyọ̀ mú mi dání lọ bu omi tuntun. Àwọn ọmọ kan létí òkun ní ẹja kékeré kan nínú agolo, ìrù rẹ̀ búlúù bí yẹtí ìyàwó. Mo fi bọ́ọ̀lù rọ́bà mi gbà á, mo fi pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sì yọ́ dà á sínú gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Dáyọ̀ ti kìlọ̀ títí pé ẹja àlejò kì í bá onílé gbé lọ́jọ́ tó dé, àfi kó kọ́kọ́ dá gbé fúngbà díẹ̀. Nígbà tó kà wọ́n tó rí márùn-ún, ó rò pé wọ́n bímọ, ló bá ń jó kiri ilé. Ta ló máa la ẹnu sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń jó?

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, àmì funfun wẹ́wẹ́ bo ara ẹja gbogbo, bí ẹni bu iyọ̀ lé wọn. Wọ́n ń ha ara mọ́ òkúta, wọ́n ń mí gúlegúle. Ìyá àgbà wa ní èéyi ni, ó ní ká fi ẹmu pa wọ́n lára. Bàbá Dáyọ̀ rántí ohun tí àwọn ará inú ọkọ̀ máa ń ṣe: ó gbé wọn sínú omi òjò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lóòótọ́, àmì náà bọ́, ó bá dá wọn padà sínú gíláàsì. A yọ̀, a pariwo, a jẹ iṣu.

Ní ọjọ́ karùn-ún, àmì náà tún padà, ó di ìlọ́po méjì. Ẹja ìrù búlúù mi ti kú. Sájẹ́ǹtì dùbúlẹ̀ sí igun, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Dáyọ̀ jókòó sórí àpótí, kò jẹ, kò mu, ó kàn ń pe Mosún bí ẹni tí a ti sin.

Bàbá mi ti oko Omifúnfun dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò fìgbà kan fẹ́ràn àpótí náà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Dáyọ̀, bí kòkó bá ń rà, ṣé orí igi nìkan lò ń wò?"

"Rárá, Bùrọ̀dá."

"Èyí tó ti rà tó já sílẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Dáyọ̀ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì.

"Ilẹ̀ ni àrùn ń sùn, tí yóò tún gun igi. O wẹ ẹja tán, o tún dá a padà sórí ibùsùn àrùn. Ìwọ tí wọ́n bí sábẹ́ kòkó!"

Bí a ṣe da yanrìn ìsàlẹ̀ gíláàsì nù nìyẹn, a fọ gíláàsì, a sá a sóòrùn. A kó àwọn ẹja sínú àgbá mímọ́ tí omi òkun wà nínú rẹ̀. Bàbá mi wá mú òògùn búlúù tí a fi ń fín kòkó tó ń dúdú. Èyí tí a fi ń pa kòkòrò, ó tì í mọ́ yàrá, nítorí ìyẹn a máa pa ẹja odò run. Ìwọ̀n orí ìṣáná kan ló bù sómi.

"Bùrọ̀dá, bí wọ́n bá kú ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ọmọ olóko lo máa fẹ́."

Wọn kò kú. Àmì náà ń dín lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, Sájẹ́ǹtì fo sókè, ó gé ìka ẹ̀gbọ́n mi jẹ, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, bàbá Mosún dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ojú líle. Ó ka ẹja náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Mi ò bìkítà bóyá o mọ ẹja tọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá o lè ní ẹja nílé láyé ebi yìí, kó o má jẹ ẹ́. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn kò ní fi ìyà jẹ ọmọ mi." Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé iyán wá.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti gé igbó tí a ti ń ṣọdẹ òkété. Ẹ̀yin ọmọ lè fi fóònù ra ẹja láti Èkó, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jí lóru nítorí rẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni pé àìsàn ṣì ń bá àlejò wọlé, ọgbọ́n oko sì ṣì ń wúlò níbi tí kò sí oko.

Bàbá Dáyọ̀ àti Àǹtí Mosún ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣì ń bá ara wọn jà lórí bó ṣe yẹ ká din ẹja. Lọ́dún tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ ẹja ìrù búlúù fún wọn. Bàbá Dáyọ̀ di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú, bí ẹni fẹ́ nà mí. Àǹtí Mosún wò mí títí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí, tó ò wá ṣe é parí?"