Verna Ollila àti Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Verna Ollila fi dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní àríwá Michigan, ní Amẹ́ríkà níbí, mo sì bá a ṣiṣẹ́ fún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Reino ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní. Ọmọ ọdún méjìlá ni Verna nígbà tí ihò ìwakùsà wó pa bàbá wọn, Reino ló sì gba ipò bàbá. Òun ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, òun ló kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Láti ìgbà náà, kò sí Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọjọ́ ọdún ìparí oṣù kọkànlá tí ìdílé máa ń jọ jẹun, tí àwọn méjèèjì kì í jọ wọgbó lọ dẹ àgbọ̀nrín láàárọ̀, kí wọ́n tó padà wá jẹ tòlótòló ní aago méjì.

Nígbà tí Reino pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Wọ́n bá wàrà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó síwájú báńkì lọ́jọ́ Àìkú, ó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Carlene ọmọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní oṣù kẹwàá, bí ewé ṣe ń wọ́, Verna fa Carlene sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìbọn bàbá ẹ yẹn ńkọ́?"

"Àǹtí Verna, mo ti rò ó. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn Ọjọ́ Ìdúpẹ́."

"Ṣebí o ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí mo bá tún gba ìbọn, kí ló kù fún wọn? Kí wọ́n máa jókòó wo fèrèsé?"

Wọ́n fẹnu kò pé Verna ló máa lọ mú Reino nílé láàárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ náà, wọ́n á jọ jókòó sójú kan, gbogbo ọta á sì wà lápò Verna. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹnu òun ló gbà, ọkàn òun ò gbà.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Verna dé ilé Reino lọ́jọ́ náà. Kọfí orí tábìlì ṣì gbóná. Kò sí nǹkan kan lórí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ọdẹ ń wọ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣì wọ́n yìn, orí àga ló wà. Reino ti wọgbó pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ní àwọ̀ àgbọ̀nrín gẹ́lẹ́.

Verna fi ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí kò fẹ́ kí Reino rí i tòun tìbọn. Ó gbé ẹ̀wù náà kọ́ èjìká, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí ìrì dídì. Igbó dákẹ́. Ipasẹ̀ náà lọ tààrà díẹ̀, ó yí po, ó padà, ó tún yí po, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọnù. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan lápá odò. Nígbà tó ṣe, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í yìn ín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń yìn ín bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ pè é, ó rò ó wò, ó pa ẹnu mọ́. Ó dé ìdí igi eléèpo funfun kan tí ọta ti bó lára, ní ibi tí àyà ènìyàn máa ń ga dé. Ibẹ̀ ló wà tí irin ìbọn fi ró kàà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dúró síbẹ̀. Má yíjú."

Ohùn Reino ni, ṣùgbọ́n kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Verna ni."

"Irọ́ lò ń pa. Ọmọ ọdún méjìlá ni Verna, ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá wa. Láti àárọ̀ lo ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn."

"Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀wù ẹ wá ni."

"Ta ló ní?"

Verna sọ fún mi pé gbogbo ohun tí òun ń rò nígbà yẹn ni tòlótòló tó wà nínú ààrò nílé, pé ta ló máa bá òun yọ ọ́. Igi ńlá kan wó dábùú ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ igi náà, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo máa ń kọ́ àwọn èèyàn níbọn. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Tí èèyàn bá fẹ́ gba orí igi tó wó kọjá, báwo ló ṣe ń ṣe ìbọn ẹ̀?"

"Wọn ò kọ́ ẹ nílé?"

"Wọn ò kọ́ mi."

"Òpè lásán. Ọta lèèyàn kọ́kọ́ ń yọ." Irin tún ró, ọta kan bọ́ sórí ewé gbígbẹ, òmíràn tẹ̀ lé e. "Wàá wá gbé ìbọn lé ìhà kejì, kó o tó gbé ẹsẹ̀. Wò ó dáadáa."

Ìgbà yẹn ni Verna yíjú. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó wọ ẹ̀wù fún un, ó dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ètè Reino ti ṣú fún òtútù.

Wọ́n jẹun ní aago méjì. Reino jẹun dáadáa, ó sì rọra bi Carlene pé ta ni obìnrin tó ń gé ẹran yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Carlene ti gbé ìbọn náà lọ.

Verna rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Orrin Decker tó ní ahéré ọdẹ létí odò náà wá kan ilẹ̀kùn Verna. Ilé dé ilé ló ń lọ. Ó jókòó, ó ní ọta kan dá ògiri ahéré náà lu láàárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ó sì wọnú bẹ́ẹ̀dì tí ọmọbìnrin òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.

"Mi ò bá tìjà wá," ó ní. "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó yìn ín ni."

Igbó kún fún ọdẹ lọ́jọ́ náà. Bí Verna bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ìbọn ẹ̀gbọ́n mi ni. Iyè ẹ̀ ti ń rá. Mo mọ̀ láti oṣù kẹwàá, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

"Bàbá tèmi náà ní ìbọn nílé," Orrin ní. "Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n."

Ó dìde. Kò fẹnu kan kọfí tí Verna bù fún un, ó yára wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀.

Reino lo ọdún méjì sí i láyé. Bí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ bá ti dé, á máa béèrè ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ Verna.

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe," ni Verna máa ń sọ, á sì jókòó tì í títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ wá.