Gèlè Tó Wà Nílé Ìwé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Kabba, àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n máa ń gba àwọn ọmọ tuntun wọlé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ìwé lóṣù kẹsàn-án nínú òjò, ẹ ò mọ bí òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Ètè wa á bẹ́, ẹsẹ̀ wa á funfun, àwọn òkè tó yí ìlú ká ò ní hàn rárá. Àwa ọmọ kíláàsì karùn-ún kì í sì í pẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn, torí hẹdimásítà wa ní àṣà kan: ó máa ń fa ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Ìwọ lo máa fi ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ hàn án, ìwọ lo máa bá a nu imú, ìwọ lo máa jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Bí ọmọ rẹ bá sá lọ sílé, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ará Bùnú ni wọ́n, láti Odò-Ape, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú wa ni bàbá rẹ̀ ń dáko sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbé. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá. Ó kí mi pé, "Okun o," bí ẹni ń kí àgbàlagbà, inú mi dùn, mo gbé àyà síta. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ ó sunkún wálé o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sá kúrò níbí léṣìí. Bàbá wọn ní bí èyí náà bá sunkún wálé, kò sí ọmọ òun tó tún máa dé ilé ìwé mọ́. Àwọn méjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé ka ọmọdé lórí láàárọ̀ kùtù!

Láyé ìgbà yẹn, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó wọ ilé ìwé. Wàá gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, bí ìka rẹ bá kan etí òsì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ. Bí kò bá kàn án, ó di àmọ́dún. Nígbà tó kan ọmọ tèmi, ó na ọwọ́ títí, ó yọ ahọ́n síta, ìka rẹ̀ ò kan etí. Ó ku díẹ̀ báyìí. Hẹdimásítà mi orí, ó ní kí wọ́n máa mú un lọ.

Mo wo ọmọ náà dáadáa. Ìyá rẹ̀ ti fi òwú dúdú kó irun rẹ̀ fún ọjọ́ ńlá yìí, irun náà sì dúró ṣánṣán láàárín orí. Òkè irun yẹn ni ọwọ́ ń gbà kọjá! Obìnrin yìí fẹ́ kí ọmọ òun rẹwà ju gbogbo ọmọ lọ, irun ọ̀hún ló wá fẹ́ lé e padà sílé. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, irun ni, kì í ṣe ọwọ́." N ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́, torí ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo irun, ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, tú u." Mo tú òwú mẹ́rin tó wà láàárín. Ọmọ tún na ọwọ́, ó di etí mú.

Ayọ̀ wa ò pẹ́. Ó fọwọ́ kan orí, kò bá irun rẹ̀ bó ṣe wà, ló bá bú sẹ́kún. Ó ń yí nínú eruku pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tuntun. Mò ń sọ Òwé, èdè àwa ará Kabba, sí i, òun ń fi Bùnú dá mi lóhùn, a sì gbọ́ ara wa dáadáa, kò kàn fẹ́ gba tèmi ni. Mo fún un ní ẹ̀pà, ó dà á nù. Kí n má parọ́ fún yín, inú ti ń bí mi, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ìyá rẹ̀, tó ti ń lọ, padà wá. Ó tú gèlè orí rẹ̀, gèlè aláró tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó wé e mọ́ ọmọ lórí.

"Bá mi tọ́jú rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Ẹkún dá. Ọmọ náà ò tíì rí i kí ìyá òun jáde láìwé gèlè rí. Abilékọ wo ló máa la ìlú kọjá láìborí láyé ìgbà yẹn? Lójú tirẹ̀, ìyá tí gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun ò lè rìn jìnnà. Àmọ́ èmi rí bí obìnrin náà ṣe ń lọ. Ó gba ojú ọ̀nà nínú ọyẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí, kò wẹ̀yìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo yíjú sí ògiri kí ọmọ má bàa rí omi lójú mi.

Nígbà ìsinmi, mo mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi òwú tí mo tú láàárọ̀ kó irun náà padà. N ò mọ irun kó. Gbogbo rẹ̀ wọ́, ọ̀kan dojú kọ ilé, ọ̀kan dojú kọ oko. Ó bá mi jẹ ẹ̀pà tó kù lápò mi tán, ó sì ń bi mí bóyá wọ́n ṣì máa lu agogo sí i.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ wá mú un lọ́sàn-án. Kò kí ẹnikẹ́ni, ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò bóyá ó sunkún. Ọmọ sáré lọ bá a, ó gbé gèlè lé e lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún Ìyá pé mo tọ́jú rẹ̀ o. Kí wọ́n tún fún mi lọ́la."

Ọkùnrin náà wo gèlè, ó wo orí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ta ló kó irun yìí?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Kò dáa rárá." Ó gbé ọmọ sórí kẹ̀kẹ́. "A máa rí ẹ lọ́la."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì náà wọlé.

Ayé ti yí padà. Ìwé ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń béèrè báyìí, kò sẹ́ni tó ń wo etí ọmọ. Ọ̀kadà á gbé ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dé ẹnu géètì, ìyá á ya fọ́tò, á sì sáré lọ síbi iṣẹ́. N ò bú wọn, iṣẹ́ ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Lóṣù kẹsàn-án tó kọjá, èmi ni mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó di ìró mi mú, ó ń ké. Tíṣà ọ̀dọ́ kan ní, "Màmá, ẹ máa lọ, ó máa dákẹ́." Mo ti ń lọ. Mo padà. Mo tú gèlè mi, mo wé e mọ́ ọn lórí, mo ní kó bá mi tọ́jú rẹ̀.

Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ń rọ̀ sí orí ewú mi bí mo ṣe ń lọ sílé. Aládùúgbò mi kan rí mi, ó sáré jáde. "Okun o, Màmá! Kí ló dé? Gèlè yín dà?"

Mo ní ó wà nílé ìwé, mò ń padà lọ gbà á.