Kánfáàsì Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú, bàtà ni mò ń nù. Bàtà òkìrìkà ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége, ìsọ̀ mi ò sì jìnnà sí ilé àdúrà wa, ìjọ aláṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ojú yín ò tó o máa ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n yìnbọn ládùúgbò yìí. Òótọ́ ni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹnu ni mo fi kún un, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu náà sọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ti dìde nígbà náà. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí àwọn ọlọ́pàá oníbọn yéé mú ọmọlọ́mọ lójú pópó nítorí irun orí rẹ̀ àti fóònù ọwọ́ rẹ̀. Tóyìn ọmọ mi wà láàárín wọn. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọgbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ wa, wàásù pé Ọlọ́run ló fi olórí kọ̀ọ̀kan síbi tó wà, pé ẹni tó bá bá ìjọba jà, Ọlọ́run ló ń bá jà. Tóyìn dìde láàárín ìjọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Fáráò ńkọ́? Ta ló fi í síbẹ̀?"

Mo fa aṣọ rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Kò jókòó, ó jáde ni. Mo bú u nílé, mo sì wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo gbọ́ pà-pà-pà láti apá Ìkẹjà. Mo rò pé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan ni, torí ariwo wọn kì í tán lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í mú èèyàn sáré. Àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀ lójú irin, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Mo fi ọjà sílẹ̀, mo sáré wọ ilé àdúrà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Wòlíì ti ti géètì lẹ́yìn mi kí n tó gbọ́ ohùn ọmọ mi níta.

"Màámi! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Wòlíì.

"Ìyá Tóyìn, tí mo bá ṣí i, àwọn oníbọn lè dáná sun ilé Ọlọ́run."

"Bàbá, ilé Ọlọ́run ní onílé. Ta ló ni ọmọ tèmi?"

Wọ́n ṣí i.

Ẹ gbọ́ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Ikú ń lé àwọn ọmọ yìí, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, wọ́n dúró, wọ́n bọ́ bàtà! Ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí wọ́n sá dáadáa. Àwọn ìyá akọrin kó sùtánà jáde, wọ́n wọ̀ ọ́ fún wọn. Ti géńdé kan dúró sí orúnkún rẹ̀ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tóyìn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wàsíù wà lẹ́yìn mi. Màámi, ó wà lẹ́yìn mi!"

Òun àti Wàsíù ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo yọjú wo ojú irin. Mi ò rí ẹnì kankan.

Àwọn oníbọn dé. Títí di òní, a ò mọ ẹni tó rán wọn. Wòlíì dá orin. Nígbà náà ni ojú mi lọ sí ẹnu ọ̀nà. Sílípáàsì ni àwa ọmọ ìjọ máa ń bọ́ síbẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ fẹsẹ̀ lásán wá. Kí ni bàtà kánfáàsì rẹpẹtẹ ń wá níbẹ̀? Mo jókòó sáàárín wọn, mo yọ àkísà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù wọ́n.

"Ìyá, ta ló ni bàtà yìí?" Ọ̀gá wọn ló bèèrè.

"Ọjà mi ni, ọ̀gá. Nọ́ńbà mélòó lẹ ń wọ̀?"

"Ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ̀yin lẹ lé wa kúrò níta. Ṣé kí n gbé e lọ sójú ọ̀run ni?"

Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. "Ó gbóná."

"Oòrùn ni, ọ̀gá."

Ó fẹ́ wọlé. Wòlíì na ọwọ́ dí i. "Ẹ bọ́ bàtà." Bàtà tí okùn rẹ̀ gùn dé ojúgun! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn tirẹ̀. Ọ̀gá gbá a lọ́rùn: "Dìde, jàre!" Ó wá dúró síta, ó kọjú sí Wòlíì.

"Bàbá, ṣé ọmọ ìjọ yín ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

Wòlíì yìí kì í purọ́. Wọ́n ti lé adarí akọrin sẹ́yìn rí torí ó ní ibà ń ṣe òun nígbà tó wà lọ́jà. Wọ́n wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú wọn fi dé orí Tóyìn.

"Láti òní lọ, bẹ́ẹ̀ ni."

Bóyá ọ̀gá yẹn gbọ́ ọ tán, bóyá kò gbọ́, mi ò mọ̀. Wọ́n lọ.

Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, la bá wà nínú ilé àdúrà. Gaàrí tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Nígbà tí omi tán, Wòlíì fúnra wọn gbé omi ìyàsímímọ́ wá, a fi rẹ gaàrí. Mo ní èyí tí mo mu lọ́jọ́ náà ti tó mi wọ ọ̀run. Gbogbo ilé iṣẹ́ dákẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣépè fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn pé wọn ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mi ò rí oorun sùn rárá.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n ti rí Wàsíù. Ó ti kú.

Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá mú ọmọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, Wòlíì a wọ sùtánà, wọn a lọ jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá títí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Wọn ò wàásù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo mú Tóyìn lọ sọ́dọ̀ ìyá Wàsíù. Ọpẹ́ kún inú mi, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e pamọ́ sí nílé ọlọ́fọ̀. Tóyìn kúnlẹ̀. Obìnrin náà wò ó títí.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ó bu ìrẹsì fún un, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ.

Títí di òní, Tóyìn máa ń lọ jẹun níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Èmi kì í tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, èmi ni mo ni ín. Ó tó mi. Mo dúpẹ́.